Bí Ẹ Ṣe Lè Pa Ariwo Overflow Lẹ́nu Mọ́ Nínú Táńkì Iyùn, Kí Omi Má sì Dà Sílẹ̀

Nínú táńkì iyùn, ìyẹn táńkì omi oníyọ̀ tí a ti ń sin iyùn, ẹ̀dá inú òkun, omi nìkan nínú páìpù kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ nìkan kì í pariwo. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń du ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ìgbà tí a bá dorí ìgò omi kodò, ni gbọ́-gbọ́-gbọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ máa ya afẹ́fẹ́ kúrò lára omi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́nà tí omi á ṣì fi ríbi gbà lọ́jọ́ tí páìpù kan bá dí. Táńkì tó dákẹ́ rọ́rọ́ àmọ́ tí kò ní páìpù àfẹ̀yìntì, ewu ló jẹ́ fún ilẹ̀ ilé àti fún àwọn ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀.

Overflow ni àpótí tóóró tó wà ní igun tàbí ní ẹ̀yìn táńkì òkè, tí wọ́n gé eyín sí etí rẹ̀. Omi ojú táńkì, níbi tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń kóra jọ sí, á gba àárín eyín yẹn wọlé, á sì bá páìpù sọ̀ kalẹ̀ sí táńkì ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní sump. Pọ́ǹpù á wá tì í padà sókè. Iye omi tí pọ́ǹpù bá gbé sókè náà ni páìpù gbọ́dọ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní lítà kan.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀

Ẹ pa ohun gbogbo tó ń dún nínú yàrá, kí ẹ sì dúró ti táńkì. Bí ìró náà bá jẹ́ wàààà tí kì í dáwọ́ dúró, tó ń ti inú àpótí overflow wá, omi tó ń já láti ojú eyín bọ́ sórí omi tó wà nísàlẹ̀ àpótí ni. Bí ó bá ń fà fọ́ọ̀ bí ẹni ń mu omi gbẹ̀yìn nínú ife, ẹnu páìpù ń gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ omi. Nígbà mìíràn ìró á lọ, á tún padà wá: omi á rọra ga nínú àpótí láìdún, á wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ariwo ńlá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ihò afẹ́fẹ́ orí páìpù ló kéré jù, tàbí ó ti dí. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ló ti ń hó, ibi tí páìpù ti wọ sump ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Èyí tó bá ń kùn hùùù, tí ẹ lè fọwọ́ kàn lára pákó, ti pọ́ǹpù ni. Ẹ fi fóòmù sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi rọ́bà sílíkónì rírọ̀ so ó mọ́ páìpù líle, kí páìpù má sì fara kan kọ́bọ́ọ̀dù níbikíbi.

Ìró méjì tàbí mẹ́ta lè dà pọ̀. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, torí àtúnṣe tí ẹ bá ṣe lókè máa ń yí ti ìsàlẹ̀ padà.

Ẹ wọn omi tó ń ṣàn

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí pọ́ǹpù kì í ṣe iye omi tó ń dé òkè. Bí omi bá ṣe ń gun òkè tó, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń dín kù. Ẹ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10, ẹ gbé e sí gíga kan náà pẹ̀lú etí táńkì, ẹ darí ẹnu páìpù ìdápadà, èyí tí pọ́ǹpù fi ń ti omi padà sókè, sínú rẹ̀, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Ẹ wá fi iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn pín 36,000. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 24, lítà 1,500 ló ń kọjá ní wákàtí kan. Ẹ máa wo ibi tí pọ́ǹpù wà nínú sump bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí omi má bàa tán lábẹ́ rẹ̀.

Fún táńkì lítà 300, lítà 1,500 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ní wákàtí kan, ó sì tó. Ìṣàn líle tí iyùn nílò, àwọn pọ́ǹpù ìgbì tó wà nínú táńkì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó pèsè rẹ̀, kì í ṣe overflow. Ọ̀pọ̀ táńkì tó ń pariwo ni kò ní àrùn mìíràn ju pé wọ́n ti omi jù sí páìpù. Ẹ dín pọ́ǹpù kù ná kí ẹ tó ra ohunkóhun, àtúnṣe tí kò náni ní kọ́bọ̀ nìyẹn.

Omi tó ń já láti ojú eyín

Bí omi bá ń já láti gíga sẹ̀ǹtímítà 20, kò sí páìpù tó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé omi inú àpótí sókè títí àlàfo tó wà láàárín ojú eyín àti omi inú àpótí á fi ku sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Ohun tó ń pinnu gíga omi yẹn ni gíga páìpù ìdúró tó wà nínú àpótí. Ẹ yọ ọ́, ẹ gé páìpù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì tì í bọ inú bulkhead, ìyẹn ìsopọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ihò tó wà ní ìdí àpótí. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀nba omi tó bá ń jò ní oríkèé yẹn, inú páìpù kan náà ló ń lọ, ẹ ó sì nílò láti máa yọ ọ́ fọ̀.

Ẹ má gbé omi yẹn ga títí tí yóò fi bá omi táńkì dọ́gba. Bí ó bá dọ́gba, eyín kò ní fa ọ̀rá ojú omi wọlé dáadáa mọ́, àyè tí omi lè gbà ga lọ́jọ́ ìṣòro yóò sì ti tán. Àwọn kan máa ń ki fóòmù bọ inú àpótí kí omi lè dákẹ́. A kò gbà yín níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀: fóòmù máa ń dí, ó sì lè já sí ẹnu páìpù. Bí kò bá ṣeé ṣe láti gbé omi ga, ẹ gé ìlà ike pẹlẹbẹ, kí ẹ dá a dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ eyín, kí omi lè máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ dípò kó máa já.

Páìpù kan ṣoṣo: Durso

Bí àpótí yín bá ní ihò ìsọ̀kalẹ̀ kan péré, Durso, irú páìpù ìdúró kan tó ní ihò afẹ́fẹ́ lórí, ni ẹ máa lò. Ẹ fi páìpù íǹṣì 1¼ sórí bulkhead íǹṣì 1, pẹ̀lú ìsopọ̀ tó ń dín ìwọ̀n kù. Ẹ fi T (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) sí orí rẹ̀, ẹ so elbow (ìsopọ̀ tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́) mọ́ ẹ̀gbẹ́ T náà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ sínú omi, kí ẹ sì fi ìdérí bo orí. Omi á máa gba abẹ́ ojú rẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ihò kékeré orí ìdérí wọlé ní tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe pínyà ní ẹnu ọ̀nà yìí ló mú kí ìró dín kù.

Ihò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ fi ihò mìlímítà 1.5 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 10. Bí omi bá ń ga tó sì ń já wálẹ̀, ẹ fi ìdajì mìlímítà kún ihò náà, ẹ tún dúró. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa fọ́ọ̀, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Ihò tí a ti lu kò ṣeé lu padà, nítorí náà ó sàn kí ẹ lu ihò mìlímítà 5 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ki rọ́bà afẹ́fẹ́ tín-ínrín bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi fáàfù kékeré rẹ̀ sí i. Fáàfù yẹn ni ẹ ó máa yí díẹ̀díẹ̀ títí ìró á fi lọ. Ẹ má dí ihò náà pa láé. Iyọ̀ tó gbẹ sí ihò yìí ni olórí ohun tó ń mú kí Durso tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Durso ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú bulkhead íǹṣì 1, bí omi bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí lítà 2,300 ní wákàtí, ẹ ò ní lè pa á lẹ́nu mọ́ mọ́, bó ti wù kí ẹ yí fáàfù tó.

Páìpù méjì: Herbie

Èyí ni a fẹ́ràn jù fún ọ̀pọ̀ táńkì. Páìpù àkọ́kọ́ kún fọ́fọ́ fún omi láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní siphon nìyẹn, kì í sì í dún rárá. Páìpù kejì dúró gẹ́gẹ́ bí àfẹ̀yìntì. Bí àpótí yín bá ní ihò méjì, ọ̀kan fún ìsọ̀kalẹ̀, èkejì fún ìdápadà, ẹ gbé páìpù ìdápadà gba orí etí táńkì, kí ẹ sì sọ ihò rẹ̀ di àfẹ̀yìntì.

Ẹnu páìpù siphon gbọ́dọ̀ wà ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lábẹ́ ojú omi tí ẹ fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa yí po, á sì fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ fi asẹ́ ike sí i lẹ́nu. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ti lè dé e, ẹ fi gate valve, fáàfù tí a ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó tì, sí i. Ẹ má lo ball valve: láti ṣíṣí dé títì rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin yíyí kan lọ, ìyípadà tí ojú kò lè rí lọ́wọ́ á ti pọ̀ jù fún omi. Ẹ fi union sí òkè àti ìsàlẹ̀ fáàfù náà kí ó lè ṣeé tú.

Páìpù àfẹ̀yìntì kì í ní fáàfù, láéláé. Ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè, á sì ga ju ojú omi àpótí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, ṣùgbọ́n kí ó lọ sílẹ̀ ju ojú eyín lọ.

Bí ẹ ó ṣe tò ó nìyí:

1. Ẹ ṣí gate valve pátápátá kí ẹ sì tan pọ́ǹpù. Páìpù á tu afẹ́fẹ́ jáde sínú sump pẹ̀lú ariwo. Ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán.

2. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti jáde tán, siphon á máa gbé omi ju èyí tí pọ́ǹpù ń mú wá lọ. Omi inú àpótí á sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu páìpù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa fọ́ọ̀.

3. Ẹ ti fáàfù ní ìdajì yíyí, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

4. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara gíláàsì ní ojú omi. Láti ibí yìí, ẹ má yí fáàfù ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Àìní sùúrù níbí yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé Herbie kò ṣeé tò.

5. Ẹ jẹ́ kí omi ga díẹ̀díẹ̀ títí omi tín-ínrín kan á fi máa yọ́ wọ ẹnu páìpù àfẹ̀yìntì. Èyí tó ń tẹ̀ lé ara páìpù lọ sísàlẹ̀ kì í dún, ó sì ń mú kí ojú omi dúró sójú kan bí siphon bá tilẹ̀ yí padà díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí àfẹ̀yìntì gbẹ pátápátá. Kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n á máa tún fáàfù ṣe lemọ́lemọ́.

6. Ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 24.

Ẹ ó mọ̀ pé siphon ti mọ́ bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé páìpù tí kò gbọ̀n, tí ìhó kankan ò sì jáde ní ẹnu rẹ̀ nínú sump.

Páìpù mẹ́ta: BeanAnimal

Bí ẹ bá ṣì ń kọ́ táńkì lọ́wọ́, tí ẹ sì láyè láti lu ihò mẹ́ta, èyí ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Àkọ́kọ́ jẹ́ siphon pẹ̀lú gate valve bíi ti Herbie. Èkejì ń gba omi tó ṣẹ́kù, ó ní ihò afẹ́fẹ́ lórí, rọ́bà tín-ínrín sì wà nínú ihò náà, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, díẹ̀ sókè ojú omi. Bí siphon bá dí, omi á ga dé ẹnu rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà wọlé mọ́, páìpù kejì náà á sì di siphon fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ga ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń gbẹ. Bí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó lu gíláàsì, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, torí ìyẹn á fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́ṣà rọ́bà bulkhead máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tù. Ẹ fi ọwọ́ dè é, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́rin yíyí kún un, ó tó.

Overflow tí a gbé kọ́ etí táńkì

Èyí wà fún táńkì tí kò ní ihò. Páìpù onírísí U ló ń gbé omi fo etí gíláàsì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìhó kéékèèké máa ń kóra jọ sí ibi tó ga jù nínú U náà, bí wọ́n bá sì pọ̀ tó, siphon á já, pọ́ǹpù á sì máa gbé omi lọ. Ìṣàn tó lọ́ra jù ló ń fà á: omi gbọ́dọ̀ yára tó láti gbé ìhó náà kọjá. Nítorí náà, U méjì tó fẹ̀ fún pọ́ǹpù kékeré burú ju ẹyọ kan tí omi ń sáré nínú rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn máa ń so pọ́ǹpù kékeré mọ́ orí U láti máa fa afẹ́fẹ́ jáde nígbà gbogbo. Ó wúlò, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ máa ń dí, ẹ má fi gbogbo ara tì í. Bí ẹ bá ní ọ̀nà láti lo táńkì tó ní ihò, òun ni kí ẹ lò.

Ìparí páìpù nínú sump

Ẹnu páìpù siphon gbọ́dọ̀ wọ inú omi sump ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré. Bí ó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù kò ní lè jáde nígbà tí iná bá padà dé, siphon kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Ti Durso náà kò gbọdọ̀ jìn. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba apá kan jáde. Bí páìpù bá parí sínú àpò asẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà nínú omi inú àpò, torí omi tó ń já sórí àpò máa ń dún, ó sì ń pọ ìhó tí pọ́ǹpù á kó lọ sí táńkì òkè.

Ìdánwò tí ẹ kò gbọdọ̀ fò

Ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì wo ibi tí omi sump ga dé. Nínú táńkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì fẹ̀ ní 50, sẹ̀ǹtímítà kan omi jẹ́ lítà 6. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 sọ̀ kalẹ̀ lókè, lítà 18 ló ń bọ̀ nísàlẹ̀, láìka ti inú páìpù àti àpótí. Nínú sump 60 sí 40, ìyẹn á ga ní sẹ̀ǹtímítà 7.5. Ẹ jẹ́ kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 3, ó kéré tán, kí ó tó dé etí sump, kí ẹ wá tan pọ́ǹpù padà, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí ojú omi tí sump kò gbọdọ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Páìpù ìdápadà náà máa ń fa omi padà sísàlẹ̀. Ẹ lu ihò mìlímítà 4 tàbí 5 sí i, sẹ̀ǹtímítà kan lábẹ́ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè já a. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ẹrọ̀fọ̀ funfun líle tó máa ń gbẹ sí i kì í jẹ́ kó tì mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ti gate valve pátápátá. Ẹ dúró tì í, kí ọwọ́ yín wà nítòsí ibi tí ẹ ti ń pa iná pọ́ǹpù. Àfẹ̀yìntì á pariwo gan-an, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo omi náà fún ìṣẹ́jú 10 láìjẹ́ pé táńkì kún dé etí. Bí kò bá gbé e, ẹ dín pọ́ǹpù kù.

Fún overflow tí a gbé kọ́, ẹ já siphon rẹ̀, kí pọ́ǹpù fa omi yàrá tó wà nínú sump tán. Yàrá 25 sí 40 tí omi rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 12 jẹ́ lítà 12, táńkì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á fi sẹ̀ǹtímítà 2 ga. Àyè yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ẹ rántí ẹ̀rọ tó ń fi omi aláìníyọ̀ kún sump: á rò pé omi ti gbẹ, á sì máa da omi sí i. Ẹ má jẹ́ kí àgbá omi rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí táńkì lè gbà lọ.

Ìtọ́jú

Ẹ pààrọ̀ àpò asẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ní oṣooṣù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín overflow, torí ewé omi tó bá hù níbẹ̀ máa ń mú kí omi táńkì ga. Ẹ wo inú àpótí bóyá ìgbín wà níbẹ̀: ìgbín kan péré tó há sí ẹnu siphon ti tó láti ṣí àfẹ̀yìntì sílẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí ihò afẹ́fẹ́ gbogbo. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yọ páìpù ìdúró àti gate valve, ẹ rẹ wọ́n sínú fínígà tí a fi omi là ní ìdajì-ìdajì fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì ṣan wọ́n dáadáa. Kí ẹ tó tú gate valve náà, ẹ tì í pátápátá, kí ẹ ka iye yíyí tó gbà kó fi tì, kí ẹ sì kọ ọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ bá dá a padà, iye yíyí yẹn ni ẹ ó fi ṣí i, ìdá kan nínú mẹ́jọ níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún ni yóò kù láti tún ṣe.